Irin Tí Wọ́n Fi Ń Họ Ẹṣin

Àwọn tó ń sọ pé arúgbó kì í bínú mọ́, pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti tutù, wọn ò rí mi láàárọ̀ Ọjọ́rú ọ̀hún. Búrẹ́dì wà lẹ́nu mi, tíì wà lọ́wọ́ mi, ni mo gbọ́ tí ọmọbìnrin mi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù létí fèrèsé ilé ìdáná. Ó ní, "Ẹ máa bọ̀ ní aago mẹ́wàá, dókítà. Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí dúdú yẹn ni. Ẹ gún un lábẹ́rẹ́ kó sùn, kí n lè sinmi."

Mo gbé tíì kalẹ̀.

"Èyí dúdú wo?"

Ó yíjú padà wéré. Kò mọ̀ pé mo ti jí. "Màmá, ẹ jẹun yín."

"Mo ní èyí dúdú wo ni wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́ tí yóò fi sùn?"

"Adúmáradán ni. Ẹ má pariwo, ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹṣin yẹn ti ya wèrè. Lọ́jọ́ Ajé ló ta Agùntáṣọọ́lò tó ń tọ́jú wọn nípàá, egungun apá rẹ̀ dá sí méjì. Lóṣù tó kọjá ló gé obìnrin tó wá kọ́ ẹṣin gígùn jẹ léjìká. Bó bá wá pa ènìyàn ńkọ́? Ta ni wọ́n máa wá mú?"

Ẹṣin mẹ́sàn-án ló wà nísàlẹ̀ àgbàlá wa. Ọkọ mi ló dá ilé ẹṣin náà sílẹ̀, àwọn ènìyàn sì máa ń wá síbẹ̀ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin. Nígbà tí ọkọ mi kú, ọmọ kan ṣoṣo tá a bí, obìnrin yìí náà, ló gbà á. Adúmáradán ni ẹṣin ìkẹyìn tí ọkọ mi gbẹ̀bí rẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló mú wá sáyé. Ọkọ mi ki ọwọ́ bọ inú ìyá rẹ̀ títí dé èjìká, èmi ni mo di ìrù ìyá náà mú. Nígbà tó já bọ́, kò mí. Ọkọ mi bu koríko gbígbẹ, ó fi ń fọ ìhà rẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́, ó ń bú u, ó ń bẹ̀ ẹ́, títí ọmọ ẹṣin náà fi sín. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Ìyá ilé, wo bó ṣe ń dán." Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọkọ mi lọ. Ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe kẹ́yìn láyé ni wọ́n fẹ́ fi abẹ́rẹ́ pa yẹn, èmi sì ń jẹ búrẹ́dì.

"Ta ló fín in níràn?" ni mo bi í.

"Kò sẹ́ni tó fín in níràn, Màmá. Ẹranko ni."

"Ẹranko kì í ṣàdédé ya wèrè lọ́jọ́ Ajé bí òṣìṣẹ́ tó ń wá ìsinmi."

Mo mú ọ̀pá mi. Ọdún mẹ́rin ni mi ò ti dé ilé ẹṣin. Orúnkún ló dá mi dúró, ọmọ mi náà sì ń tì í lẹ́yìn. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ ń yọ̀, pé bí mo bá ṣubú, òun ni yóò gbé mi kiri ilé ìwòsàn. Mo gbà fún un. Mo jókòó sílé bí àwòrán ara ògiri. Mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ èyí kí n tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi.

"Màmá, níbo lẹ ń lọ?"

"Ibi tí o ní kí n má lọ."

"Ẹ ó ṣubú o!"

"Bí mo bá ṣubú, ṣebí dókítà ń bọ̀ ní aago mẹ́wàá. Abẹ́rẹ́ rẹ̀ á tó ẹni méjì."

Ó ń tẹ̀ lé mi, ó ń kùn. Èmi náà ń lọ, mo ń kùn. Ilé ẹṣin náà gùn tààrà, ilẹ̀kùn mẹ́sàn-án lápá kan, ògiri lápá kejì. Ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan gé sí méjì: wọ́n máa ń ṣí apá òkè kí ẹṣin lè yọ orí, wọ́n á ti apá ìsàlẹ̀. Okùn ń rọ̀ lórí ìṣó. Bárò kan tó kún fún ìgbẹ́ àti koríko dúró sáàárín ọ̀nà. Lẹ́nu ilẹ̀kùn tó kẹ́yìn, Agùntáṣọọ́lò, ọkùnrin gíga tó ń tọ́jú àwọn ẹṣin náà, jókòó lórí bọ́kẹ́ẹ̀tì tó dojú dé. Wọ́n ti fi nǹkan funfun líle di apá rẹ̀ ọ̀tún, wọ́n fi aṣọ gbé e kọ́ ọrùn. Bó ṣe rí mi, ó fò dìde láti kí mi, orí rẹ̀ sì lọ gbá igi òrùlé.

"Jókòó, jókòó. O ti ga tó lórí ìjókòó. Apá ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀, Ìyá àgbà. Òsì ni mo fi ń jẹun báyìí, oúnjẹ ń wọ mí nímú."

Mo yọjú wo inú. Adúmáradán fi ìdí ti ògiri, ó kọjú sí wa, etí rẹ̀ méjèèjì lẹ̀ mọ́ orí. Mo pè é. Kò wá. Ara rẹ̀ ń dán lóòótọ́, ó ń dán débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà pé wọ́n ń tọ́jú rẹ̀. Àfi ìgbà tó yí ìhà sí ìmọ́lẹ̀ ni mo rí ìlà. Ìlà wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ léra bí ìgbà tí wọ́n fi irin ìkólẹ̀ fa ilẹ̀, láti ìhà lọ dé abẹ́ ikùn. Èépá ti bo òmíràn. Òmíràn ṣì pọ́n.

"Kí lẹ fi ń tọ́jú ara ẹṣin yìí?" Ohùn mi ti yí padà, èmi náà gbọ́ ọ. "Gbé e wá kí n rí i."

Agùntáṣọọ́lò fi ọwọ́ òsì wọ́ àpótí kan wá. Ohun tó wà lókè pátápátá ni irin eléyín, irin pẹlẹbẹ kan tó tó àtẹ́lẹwọ́, eyín rẹ̀ tò ní ìlà ìlà bíi ti ayùn, ó ní ọwọ́ igi. Irun dúdú há sínú eyín rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ gbígbẹ wà lára irun náà.

"Kí lẹ ń fi èyí ṣe?"

"A fi ń họ ara wọn ni, Ìyá. A ó kọ́kọ́ fi irin họ ọ́ láti ọrùn dé ìdí kí ìdọ̀tí lè dìde, ká tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbá a. Ọ̀gá ló kọ́ wa. Wọ́n ní bí Bàbá ṣe máa ń ṣe é nìyẹn."

"Bàbá wo?"

"Bàbá tiwa náà. Ọkọ yín."

Mo yíjú sí ọmọ mi.

"Màmá, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀," ó ní. "Mo fi ojú mi rí i. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ojoojúmọ́ ni mo máa ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé yàrá mi. Irin lọ́wọ́ òsì, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo máa ń gbọ́ ọ: kẹ̀rẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀rẹ̀. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré. Bàbá mi ni mo wò."

"Láti ojú fèrèsé! Ẹṣin wà láàárín ìwọ àti bàbá rẹ. Orí rẹ̀ lo rí, ẹsẹ̀ rẹ̀ lo rí, ara ẹṣin bo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Gbọ́, kí n sọ fún ọ. Irin yẹn ò kan ara ẹṣin rí, láti ọjọ́ tí bàbá rẹ ti ní in títí a fi gbé e lọ sin. Búrọ́ọ̀ṣì ni wọ́n ṣe irin fún. Bàbá rẹ á fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ẹṣin lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀marùn-ún, ìdọ̀tí á kún inú irun búrọ́ọ̀ṣì. Á wá fa búrọ́ọ̀ṣì náà lórí irin kí ìdọ̀tí lè bọ́ sílẹ̀. Kẹ̀rẹ̀rẹ̀ tí o gbọ́ nìyẹn! Búrọ́ọ̀ṣì ló ń họ. Ìwọ wá gbé e, o fi họ ẹran ààyè!"

Òun náà gbé ohùn sókè.

"Ta ni ì bá sọ fún mi? Ẹ̀yin lẹ ò jẹ́ kí n débí. Ṣé ẹ ti gbàgbé? Ẹ̀yin lẹ máa ń fi ìgbálẹ̀ lé mi kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn yìí. Ẹ ní ọmọ tiyín ò ní máa rùn bí ẹṣin. Ẹ ní kí n lọ kàwé."

Òótọ́ ni. Mo lé e. Mo lé e bí adìyẹ. Ṣùgbọ́n bí òótọ́ bá dùn mí, ṣe ni mo tún máa ń bínú sí i.

"Na apá rẹ," mo ní.

Ó nà án, ó rò pé mo fẹ́ fara tì í. Mo mú irin eléyín náà, mo fi fà á láti ìgbúnwọ́ dé ọrùn ọwọ́. Agbára arúgbó náà ni mo fi ṣe é, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Yéè! Màmá!" Ó fa apá sẹ́yìn.

"O ké. O ní ẹnu, o fi ké. O sì rí àyè fa apá rẹ sẹ́yìn. Ẹ so òun mọ́ ògiri, kò ráàyè fa ara sẹ́yìn, kò lẹ́nu tí yóò fi sọ̀rọ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fi ké. Torí pé ó ké lẹ ṣe ránṣẹ́ pe abẹ́rẹ́! Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún há ọwọ́, ó tún ń bínú pé a ò dúró jẹ́ẹ́."

Agùntáṣọọ́lò wo apá rẹ̀ tí wọ́n dì. "Ìyá, ohùn rẹ̀ mà ròkè o."

Ẹnu ọ̀rọ̀ yìí la wà tí dókítà ẹran fi dé, ọkùnrin kúkurú kan tó wọ bàtà rọ́bà gígùn, tó gbé àpótí funfun lọ́wọ́. Ó kí mi dáadáa. Mo ní kó wo ikùn ẹṣin náà kó tó ṣí ohunkóhun. Ó wò ó láti ẹnu ilẹ̀kùn, ó pòṣé.

"Mo rí i, Ìyá. Ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹṣin tó bá ti ń ta ènìyàn nípàá kì í ṣíwọ́ bọ̀rọ̀. Apá lẹ rí lónìí. Bó bá di orí lọ́la ńkọ́?"

"Ẹ fún mi ní wákàtí kan. Ká fi búrọ́ọ̀ṣì tó yẹ gbá a láti orí dé ìdí, dé abẹ́ ikùn. Bí kò bá ta ẹnikẹ́ni, kẹ́ ẹ di àpótí yín. Bó bá ta ènìyàn, ẹ ṣe ohun tẹ́ ẹ bá wá."

Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Ta ni yóò wọlé tọ̀ ọ́? Mi ò ní gbà kó jẹ́ ẹ̀yin o."

"Òun ni." Mo na ọ̀pá sí ọmọ mi.

Mo ní kí Agùntáṣọọ́lò da gbogbo àpótí náà sílẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì kan pupa, ó rẹwà lójú, oníke ni gbogbo irun rẹ̀. Mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó gún mi. Mo jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ilé ìyàgbẹ́ ni kẹ́ ẹ fi fọ̀. Ohun tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó bá kọ̀, ikùn ẹṣin á kọ̀ ọ́." Èkejì jẹ́ rọ́bà roboto, mo tẹ̀ ẹ́, ó tẹ̀. Ìyẹn dára. Òun la fi ń yí roboto lórí ibi tí ẹran ti nípọn, ọrùn, èjìká àti ìdí, kí irun tó ti kú lè tú. Kò gbọdọ̀ kan ojú, kò gbọdọ̀ kan egungun ẹsẹ̀. Ẹ̀kẹta nírun líle. Ẹrẹ̀ tó bá gbẹ mọ́ ẹsẹ̀ ni iṣẹ́ tirẹ̀, kò sì sí ẹrẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Èyí tó rọ̀ dà?"

"Èyí tó rọ̀ wo, Ìyá?"

"Ẹ̀yin ènìyàn yìí! Èyí tí irun rẹ̀ rọ̀ múlọ́múlọ́, tó sún mọ́ra."

Agùntáṣọọ́lò fi ọwọ́ òsì họ orí. "Há. Ìyẹn tí mo fi ń dán bàtà Ọ̀gá."

Gbogbo wa wo bàtà ọmọ mi. Bàtà ìgẹṣin dúdú ni, ó dé orúnkún, o lè fi ṣe dígí.

"Ẹ gbà mí o," mo ní. "Bàtà ń jẹ irun rírọ̀, ẹṣin tó ń gbé bàtà ń jẹ irin!"

Dókítà yíjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń mì. Ọmọ mi ò rẹ́rìn-ín. Agùntáṣọọ́lò ní ọ̀kan ṣì wà tí wọn ò tíì yọ nínú ọ̀rá, ó sáré lọ mú un. Mo já ọ̀rá rẹ̀, mo fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó gbà.

"Wọlé. Má gba ẹ̀yìn lọ bá a, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀. Jẹ́ kó gbóòórùn búrọ́ọ̀ṣì kó tó kàn án. Fi ọwọ́ kejì lé e lára, má gbé e kúrò, kó lè mọ ibi tí o wà. Bá a sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ fún un?"

"Bẹ̀ ẹ́."

Ó wọlé. Ọrùn lọ dáadáa. Rọ́bà yí lórí èjìká, irun ń tú ṣùkù ṣùkù. Ó gba búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀, ó gbá a lẹ́ẹ̀mẹ́rin, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Kí n tó mọ̀, ó fa irin eléyín, tó ti ṣà nílẹ̀ kó tó wọlé, yọ láti àpò rẹ̀. Ó ti gbọ́ ohun tí mo sọ nípa bàbá rẹ̀, ó fẹ́ ṣe é bó ṣe tọ́ gan-an. Ó fa búrọ́ọ̀ṣì náà lórí irin: kẹ̀rẹ̀rẹ̀.

Ẹṣin náà fò sókè. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ méjèèjì gbá ògiri gbàgà, eruku já láti òkè. Ọmọ mi ti ṣubú sínú koríko lábẹ́ ìbùjẹ, ó fi apá bo orí. Mo mọ̀ pé èmi ló yẹ kí n rò ó. Ẹṣin ò mọ irin tó ń họ búrọ́ọ̀ṣì yàtọ̀ sí irin tó ń họ ara òun. Ohùn kan náà ni.

"Ju irin yẹn síta!" mo pariwo. Ó jù ú gba orí ilẹ̀kùn. Mo mú un, mo jù ú sínú bárò ìgbẹ́.

Dókítà ti bẹ̀rẹ̀ síbi àpótí rẹ̀. "Ìyá, ó tó gẹ́ẹ́."

"Ta ló ta? Ṣé ó ta ènìyàn? Ògiri ló ta. Ṣé ògiri ló ránṣẹ́ pè yín?"

Ó dúró. Ó tún wo aago.

Ọmọ mi dìde, koríko kún orí rẹ̀. Omijé ń bọ́. "Màmá, mi ò lè ṣe é."

"O fi irin họ ọ́ láti ọjọ́ yìí wá, o ò lè fi irun gbá a fún wákàtí kan? Dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ èjìká rẹ̀. Lára ṣòkòtò rẹ ni kí o ti máa nu búrọ́ọ̀ṣì."

Ó padà síbẹ̀. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ọrùn. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń sọ ọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ, mi ò sì fẹ́ gbọ́. Ó dé ẹ̀yìn. Ó dé ìhà, ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹṣin náà gbé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan sókè, ó gbé e ró síbẹ̀. Agùntáṣọọ́lò fi ara rẹ̀ gíga pamọ́ sẹ́yìn mi, bíi pé arúgbó lè bo òpó.

"Má sá," mo wí jẹ́jẹ́. "Má sì tẹ̀ ẹ́. Fi ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kó kàn wà níbẹ̀."

Ọwọ́ wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ wà lókè. Mo rí àtẹ́gùn bó ṣe ń wọ imú ẹṣin náà, tó ń jáde. Ó pẹ́. Ó wá sọ ẹsẹ̀ náà kalẹ̀.

Abẹ́ ikùn, a ò tilẹ̀ fi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Aṣọ rírọ̀ àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni mo ní kó lò níbi tí egbò wà. Ẹṣin náà gbọ̀n jìgìjìgì, ó tún yí ọrùn padà, ó gé etí aṣọ ọmọ mi jẹ, ó fà á ya. Ṣùgbọ́n kò tàpá. Nígbà tó yá, orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ rọ̀.

Dókítà di àpótí rẹ̀. Ó mú ìpara kan sílẹ̀ fún egbò náà, ó ní òun á padà wá wò ó lẹ́yìn oṣù kan, pé kí ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ ẹṣin má ṣe gùn ún kó tó dìgbà náà, kí ọwọ́ mìíràn yàtọ̀ sí ti ọmọ mi má sì kàn án. Ó ní, "Ìyá, ẹ kú iṣẹ́." Mo ní iṣẹ́ kọ́ ni mo ṣe, ariwo ni.

Ọmọ mi jáde síta. Òógùn àti omijé ti pò mọ́ra lójú rẹ̀, ìlà pupa wà ní apá rẹ̀ níbi tí mo fi irin fà. Ó kúnlẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣé. Ẹ má bínú mọ́."

"Mò ń bínú."

"Ẹ ṣì ń bínú? Ṣebí kò kú mọ́."

"Dìde. Ṣí ilẹ̀kùn tó kàn."

Kò yé e. Agùntáṣọọ́lò ló yé, mo rí i bó ṣe gbójú sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì ṣí ilẹ̀kùn kẹjọ. Ẹṣin pupa kan ló wà níbẹ̀, akọ, ẹni jẹ́jẹ́ tí wọ́n máa ń gbé àwọn tí kò gun ẹṣin rí lé. Mo ní kí wọ́n yí i sí ìmọ́lẹ̀. Ìlà wà níbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìhà, ó lọ dé abẹ́ ikùn. A ṣí ìkeje. A ṣí ìkẹfà. Ọ̀pá ni mo ń nà sí wọn. Mẹ́jọ ni wọ́n. Mẹ́jọ ló ru irin yẹn lára lójoojúmọ́, wọn ò ta ẹnikẹ́ni, wọn ò gé ẹnikẹ́ni jẹ, àwọn tó ń gùn wọ́n sì ń yìn wọ́n pé wọ́n níwà. Ẹni kan ṣoṣo tó ké láàárín wọn la fẹ́ pa.

Ọmọ mi di ilẹ̀kùn mú, ó fi orí tì í.

"Màmá, èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe?"

"Èyí tó dákẹ́ jù," mo ní. "Pọn omi wá."